KATAKATA ÀLÒKÙ L'ÓKÈ-ÒGÙN: Ẹ MÁ RA Ọ̀DÀ, IRIN NI KÍ Ẹ RÀ!

Owó àjọ ọdún mẹ́ta lè wọgbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo – Ohun tí àgbẹ̀, mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

Ẹni tó ra aṣọ àlòkù tí kò bá a mu, á fi nu ilẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò àlòkù tó daṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì, á wọ mọ́tò elérò lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí katakata àlòkù bá kú sáàárín oko ní ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kì í ṣe irin nìkan ló kú. Àgbàdo ọdún náà kú. Owó àjọ tí wọ́n fi rà á kú. Ọ̀rẹ́ àárín àwọn tó dá owó náà jọ lè kú pẹ̀lú. Ìgbà náà ni katakata yóò wá di kátàkátà lóòótọ́!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan o. Láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, láti Ṣakí dé Ìgbòho àti Kìṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ náà gba iṣu, ó gba àgbàdo, ó gba ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lè má fojú kan Ṣakí rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ iye ilẹ̀ tí wọ́n rí tú ní Ṣakí wà lára ohun tó ń sọ iye tí yóò ta kóńgò kan. Àgbẹ̀ tó bá mú ọkọ́ mọ̀ pé éékà ilẹ̀ kan kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹnìkan. Katakata kékeré tó fa díìsì méjì tàbí mẹ́ta, bí ilẹ̀ bá rọ̀ tí kùkùté kò sì sí níbẹ̀, á tú éékà kan náà láàárín wákàtí kan sí méjì.

Kí ló wá dé tí wọn ò ra tuntun? Owó ni! Dọ́là ni wọ́n fi ń ra katakata tuntun nílẹ̀ òkèèrè. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, kí ọdún náà tó parí, dọ́là ti kọjá náírà mẹ́ta. Láti ìgbà náà ló ti ń gòkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ jẹ́ bíi náírà 460. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní June ọdún náà, nígbà tó fi máa di 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,400. Ibo ni àgbẹ̀ aládàáńlá ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ojú fi yí padà sí ògbólógbòó irin tó ti ń jẹ òjò jẹ oòrùn láti ayé ọjọ́un.

BÁWO LÓ ṢE DÉ INÚ KOÓKO?

Ọ̀pọ̀ katakata tó dógùn-ún sínú ọgbà ìjọba, tí ewéko ti bò mọ́lẹ̀, ìjọba ló fi owó gidi rà wọ́n. Láti nǹkan bí 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì, tí wọ́n fi ara jọ ti ilẹ̀ Israel. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé. Ní 1980, ìjọba Shagari sọ tirẹ̀ di Green Revolution. Ní 1982, ètò ONADEP bẹ̀rẹ̀ l'Ókè-Ògùn pẹ̀lú owó yíyá láti World Bank, Ṣakí sì ni wọ́n fi ṣe olú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1989, ètò náà di OYSADEP, ó kárí gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Lára ohun tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ máa ń kó wá ni katakata: Massey Ferguson, Ford, Fiat, Steyr. Oríṣiríṣi! Ibẹ̀ gan-an sì ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì Ford kò bá Fiat mu. Bí ọ̀kan bá kú, wọn á tú u láti fi wo èkejì sàn. Nígbà tí èkejì náà bá kú, wọn á tú òun náà nítorí ẹ̀kẹta. Dírẹ́bà tó ń gba owó oṣù kò ní sunkún bí omi bá tán nínú rédíétọ̀. Yorùbá ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni gbànjo.

Nítorí náà, kì í ṣe pé irin náà burú. Àìsí sípéàpáàtì àti àìsí ẹni tó ni ín ló pa á. Ẹni tó bá fẹ́ jí i dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ohun méjì wọ̀nyí. Bí kò bá yanjú wọn, òkú tuntun ló ń lọ rà.

MASSEY 135, ARÚGBÓ TÍ KÒ FẸ́ KÚ

Nínú gbogbo àwọn arúgbó wọ̀nyí, ẹni tí mẹkáníìkì máa ń fẹ́ràn jù ni Massey Ferguson 135. Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tó ń jẹ́ Harry Ferguson ni bàbá ńlá rẹ̀. Kó tó dé, ṣe ni katakata máa ń wọ́ irin ìtúlẹ̀ tuurutu lẹ́yìn bí ẹni fi okùn fa ewúrẹ́. Bí irin bá kọ́ gbòǹgbò, iwájú katakata á dìde sókè, á sì da dírẹ́bà dé mọ́lẹ̀. Ferguson ló ronú apá mẹ́ta tó fi di irin ìtúlẹ̀ mọ́ katakata lára, tí òróró inú ẹ̀rọ sì ń gbé e sókè sódò. Láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe katakata rẹ̀ kékeré aláwọ̀ eérú ní Coventry n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1953, ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti Massey-Harris ti Canada di ọ̀kan. Àwọn ló wá gbé 135 jáde ní ìparí 1964, wọ́n sì ṣe é títí di 1975.

Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní wáyà jánganjàngan. Ohun tí ojú rí ni ọwọ́ ń tú. Ohun tó tún dára jù ni pé ilé iṣẹ́ TAFE ní India àti Millat ní Lahore, ilẹ̀ Pakistan, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe Massey irú ìdílé kan náà. Nítorí ìyẹn ni sípéàpáàtì tuntun fi wà fún irin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 50 ọdún. Katakata mìíràn lè tóbi jù ú, ó lè lẹ́wà jù ú, ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ nìyí: “Bí ríìnnì písítìnnì rẹ̀ bá jẹ lọ́la, ṣé màá rí òmíràn rà ní Agodi Gate n'Ìbàdàn?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ “bóyá”, kó rọra máa bá tirẹ̀ lọ.

OJÚ LALÁKÀN FI Í ṢỌ́RÍ: OHUN MẸ́JỌ TÍ Ẹ NÍ LÁTI WÒ

Àwọn alárenà mọ iṣẹ́ wọn. Wọn á fi ọ̀dà pupa kun katakata, á máa dán yinrin. “Bàbá, ẹ ò rí i bó ṣe tuntun?” Àgbà tó bá gbọ́n á dáhùn pé, “Ọmọ mi, o káre. Ṣí inú rẹ̀ kí n rí i.”

Èkíní, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣí i. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Òtútù ni kí ẹ bá a, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jí fúnra rẹ̀ àbí wọ́n ní láti tì í.

Èkejì, ẹ wo èéfín. Èéfín búlúù, ó ń jẹ òróró. Èéfín dúdú kíkì, dísù pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Èéfín funfun tó kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, dísù kò jóná tán, tàbí omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹta, bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da òróró sí. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bíi ti ilé ìdáná tí igi tútù ń jó, ríìnnì ti jẹ tán.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo òróró. Bó bá dà bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà á pọ̀. Ẹ wo ti ẹ̀yìn náà, nítorí òróró kan ṣoṣo ni jíà Massey yìí àti apá tó ń gbé irin sókè jọ ń lò. Rọ́bà kékeré tó wà nídìí ọ̀pá jíà, bó bá ti ya, ibẹ̀ ni òjò ọdún gbogbo ń gbà wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ so irin ìtúlẹ̀ tó wúwo mọ́ ọn, kí ó gbé e sókè. Bó bá ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀, tàbí tó ń já wálẹ̀ kíákíá, àìsàn wà nínú ikùn rẹ̀, kò sì ṣeé wò láìla ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ nu ìdọ̀tí kúrò kí ẹ wá ojú àpá jórinjórin lára ẹ́ńjìnnì àti ní oríkèé tí wọ́n ti so ó mọ́ jíà. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ wò, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀keje, táyà ẹ̀yìn. Ẹ béèrè iye tí méjì ń lọ lọ́jà kí ẹ tó ná katakata. Ọ̀pọ̀ ló ti rà á ní póò tí táyà wá bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn.

Ẹ̀kẹjọ, ìwé! Bó bá jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀, ìwé gbànjo dà? Bó bá jẹ́ ti ẹnìkan, rìsíìtì dà, ta sì ni ẹlẹ́rìí? Kí nọ́ńbà tó wà lára irin bá ti inú ìwé mu. Katakata olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìwé lè gbé ni dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ má gbàgbé èyí: ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kí ẹ sì san owó ìwòran fún un bóyá ẹ rà á o, bóyá ẹ ò rà á o. Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjà bá tà ló tó jẹun, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ọjà kò dára?

ÀTÚNṢE: Ọ̀DÀ NI ÌGBẸ̀YÌN

Wọ́n ti rà á, wọ́n ti wọ́ ọ délé. Kí ni ìkíní? Ìwẹ̀ ni. Ẹ fọ gbogbo ara rẹ̀ mọ́, nítorí ara irin tó mọ́ ni ibi tó ń jò ti ń hàn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá gan, kí ẹnikẹ́ni má fi lọ́rì fà á o! Ọ̀pọ̀ ọ̀pá písítìnnì ló ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ nọ́sù rẹ̀, ẹ da dísù àti òróró díẹ̀ sínú sìlíńdà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ tó máa rọra yí i.

Ẹ gbọ́n tánkì rẹ̀ gbẹ, ẹ pààrọ̀ àwọn fílítà. Pọ́ǹpù tó ń pín dísù, dísù tó ń gbà á kọjá náà ló ń ṣe òróró fún un. Bí omi tàbí iyanrìn inú kẹ́ẹ̀gì bá wọ ibẹ̀, ó parí. Ẹ gbé pọ́ǹpù àti nọ́sù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gún ojú nọ́sù. Kí ọwọ́ má sì sí níwájú nọ́sù tó ń fẹ́ dísù jáde, nítorí agbára rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, onítọ̀hún á sì dèrò ọsibítù.

Bí kiránkì bá ti jẹ, tọ́nà ni yóò fá a. Bó bá fá 10 kúrò, béárìn 10 ni kí wọ́n rà. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tó máa ń ká bébà sìgá sábẹ́ béárìn kó lè fún. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà á dùn títí owó á fi bọ́ sí wọn lápò. Kò ní dùn dé ìparí oko kejì.

Òkè-Ògùn kò ṣàìní àwọn ọmọ Ògún. Alágbẹ̀dẹ àti jórinjórin wà ní Ṣakí, wọ́n wà n'Ísẹ̀yìn. Wọ́n lè rọ pín-ìnnì, wọ́n lè rọ irin ìfàkẹ́rù, wọ́n lè ṣe ìbòrí táyà tuntun kó dára ju ti òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n irin tó gbé ẹ̀mí dání, bí apá tó ń yí táyà iwájú àti nǹkan bíréèkì, ẹ má fi iná jó o pọ̀. Tuntun ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó sípéàpáàtì, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fééèkì pọ̀ jù.

Nígbà ọyẹ́, eruku Òkè-Ògùn ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì. Òróró wà nínú abọ́ kékeré lábẹ́ ibi tí 135 ti ń mí símú. Eruku ni òróró yẹn ń mú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ojoojúmọ́ ni kí dírẹ́bà ṣí i, kó fọ̀ ọ́, kó da òmíràn sí i. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, iyanrìn ni písítìnnì rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ́ńjìnnì jí, jíà wọlé, irin gòkè, bíréèkì mú: ìgbà náà ni kí ẹ tó ra ọ̀dà.

OWÓ ÀJỌ KÌ Í ṢE OWÓ ERÉ

Ká ní àwọn ìyá mẹ́wàá tó ń ṣe gàrí n'Ísẹ̀yìn dáwó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra katakata tí yóò máa tú oko àwọn àti ti ẹlòmíràn. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó gbogbo owó ra irin, owó àtúnṣe ńkọ́? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí wọ́n pín owó náà sí mẹ́ta: ti ríra, ti àtúnṣe, àti èyí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí ìdààmú á fi dé. Bí ti ríra bá ti lé ní ìdajì gbogbo owó, ewu ti wà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni iye kan? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Oko ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú bí òjò bá rọ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń tú ẹgbẹ́ ká jù, nítorí gbogbo oko ni òjò ń rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí dírẹ́bà máa kọ iye éékà àti iye lítà dísù lójoojúmọ́. Ẹni tó mọ iye dísù tí éékà kan ń mu kò ní ṣòro fún láti mọ ìgbà tí dísù bá gba ẹ̀yìn ilé lọ. Kí owó àtúnṣe kúrò nínú owó éékà kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó pín èrè. Kí wọ́n má sì wọ oko tí olóko kò tíì hú kùkùté rẹ̀.

Àsìkò ńkọ́? Ìgbà ọyẹ́ ni kí wọ́n rà á. November sí February ni kí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ń wá gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọsánmà ti ṣú, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san.

Ẹ̀YIN ÌYÁ, Ẹ ṢỌ́ ÌRÓ YÍN!

Katakata kì í tú ilẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n máa ń fi ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ fa ẹ̀rọ tó ń pa àgbàdo. Àwọn obìnrin ló sì sábà máa ń wà nídìí àgbàdo náà. Ọ̀pá yẹn ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò ó: ìgbà mẹ́sàn-án ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Bó bá gbá etí ìró mú, kí ènìyàn tó pariwo “yé!” ó ti ká a mọ́ra. Ìbòrí ọ̀pá náà ni ohun tí àwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Kí jórinjórin ṣe òmíràn kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ìró gígùn, gèlè tó ń já kalẹ̀ àti ọmọ ọwọ́, kí gbogbo rẹ̀ jìnnà síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lórí ìbòrí táyà ká lọ s'óko. Láti 1970 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní ilé irin tí kò ní jẹ́ kó tẹ dírẹ́bà pa bó bá ṣubú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó tó wà lọ́dọ̀ wa kò ní in. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwà pẹ̀lẹ́ dírẹ́bà nìkan ni ààbò rẹ̀.

TUNTUN ÒNÍ, ÀLÒKÙ Ọ̀LA

Ní June 2025, Ààrẹ Tinubu ṣí aṣọ lójú katakata tuntun 2,000 tó ti ilẹ̀ Belarus wá. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú koóko lónìí náà, tuntun ni wọ́n nígbà kan rí, wọ́n lu ìlù fún wọn, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe ọjọ́ tí katakata dé là ń mọ iyì rẹ̀. Ọjọ́ tí fílítà rẹ̀ bá dí, tí ẹnìkan nítòsí mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, tí òmíràn sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ yẹn là ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ mẹkáníìkì ní Ṣakí lónìí wúlò fún katakata Belarus bó ṣe wúlò fún Massey 1970.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú rẹ̀ rí, tó ṣe yín láǹfààní tàbí tó gbowó yín lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò àtirà, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ fi owó kan pamọ́ sílé, ẹ sì lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù.